Ọ̀pá tó So Táyé mọ́ Kẹ́yìn

Ajé, ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Òjò. Ọ̀gá ti ìlẹ̀kùn ilé iṣẹ́ mọ́ wa, nítorí gọ́ọ̀mù kì í gan bí ọ̀rinrin bá wọlé. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà, a sì ti fi ọ̀rá bò ó. Ọkọ̀ ìbejì yìí, ọkọ̀ ìgbòkun oníkùn méjì, gba gbogbo ilé. Ikùn rẹ̀ méjèèjì jókòó sórí àga igi bí arúgbó méjì tó ń dúró de oúnjẹ, èmi ni mo sì ń fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín wọn àti ògiri. Táyé ni ikùn òsì, Kẹ́yìn ni tọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ wọ́n lórúkọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

Ọ̀gá ní kí n ṣe ìtọ́kọ̀ tuntun méjì, igi ìdí ọkọ̀ tó ń darí ikùn kọ̀ọ̀kan nínú omi, kí wọ́n gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n sì fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni ìdíje eré ọkọ̀. Ogójì ọjọ́ ló kù. Lẹ́yìn náà ló ní kí n búra pé n kò ní fi òun sílẹ̀ títí ìdíje yóò fi parí, torí àwọn tó ń kan ọkọ̀ lódìkejì omi ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo búra. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, ilé rẹ̀ ni mo sùn fún ọdún mẹ́rin, mo sì jẹun níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe búra tán ni ilé náà tún kéré sí i.

Ẹ̀gbọ́n wà lórí ibùsùn nígbà tí mo dé yàrá, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bí igi tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀. Oṣù kẹjọ rèé tí ìtọ́kọ̀ Kẹ́yìn ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí eré, tí ọkọ̀ yí bìrí, tó sì fi itan gbá òpó ìgbòkun. Ìgbìmọ̀ ìdíje kọ ọ́ sínú ìwé pé àṣìṣe atukọ̀ ni. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn atukọ̀.

Ó bi mí pé, “Báwo ni àwọn ọmọ mi?”

Mo ní, “Táyé ń kí yín. Kẹ́yìn ní ojú ń ti òun.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Aṣọ dúdú tí a fi ń bo igi ìtọ́kọ̀ ti tún wọ́n. Ẹni tó ń tà á ní kí n fọwọ́ kàn án kí n lè mọ̀ pé ojúlówó ni. Mo ní owó rẹ̀ ti kàn mí, ó ti tó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Atukọ̀ tuntun wá wo iṣẹ́. Ata Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí kò ga ju èjìká mi lọ, ẹnu rẹ̀ sì ń ta. Ó gbé igi ìtọ́kọ̀ kan sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń yẹ ẹja wò.

Ó yíjú sí mi, ó ní, “Olórí Kunkun, èyí fẹ́lẹ́ jù.”

“Aṣọ ipele mẹ́fà ló ń bọ̀ lórí ẹ̀. O ò tíì rí i tó wọṣọ.”

“Mi ò fẹ́ kó ṣẹ́ mọ́ èmi náà lọ́wọ́ o.”

“Kò ní ṣẹ́.”

“Ohun tó o sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ náà nìyẹn?” Ó rí ojú mi, ó yí ohùn padà. “Má bínú. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni pé ńṣe ló ń fún ọwọ́ ìtọ́kọ̀ bí ẹni fún aṣọ tútù. Irin gan-an á ṣẹ́ tí wọ́n bá fún un báyẹn.”

Mo sọ fún un pé bí gbogbo ayé bá ti mọ̀ ọ́n tán, kí gbogbo ayé wá gba sáńpépà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ní kí n pa ẹnu mọ́. Mo pa á mọ́, ṣùgbọ́n inú mi ń sọ ọ́ lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, sáńpépà. Itọ́ mi dúdú.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

A dán agbára wọn wò lónìí. A fi fáìsì, irin tó ń há pákó mọ́lẹ̀, di orí ìtọ́kọ̀ mú lára tábìlì, a wá ń so àpò iyanrìn mọ́ ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àtijọ́ ì bá ti ṣẹ́ ní àpò méje. Nígbà tó di mẹ́jọ, Ọ̀gá bọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó di mẹ́wàá, ó dijú. Ní àpò kejìlá, ìtọ́kọ̀ Kẹ́yìn tẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà, kò sì dún rárá. A tú àpò sílẹ̀, ó nà tààrà padà. Táyé náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá na ọwọ́ sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́fà. Mo sáré lọ sọ fún Ẹ̀gbọ́n, ó ní kí n tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, mo tún un sọ.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

A gbé ọkọ̀ sómi. Ata Wẹ́wẹ́ di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, èmi wà lórí àwọ̀n tí a ta sáàárín ikùn méjèèjì, Ọ̀gá ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tẹ̀ lé wa. Afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́: ó dára. Afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i: ọwọ́ ìtọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Eré wá dé gan-an, omi ẹ̀yìn Kẹ́yìn funfun bí ọṣẹ, ìtọ́kọ̀ kò di omi mú mọ́, ọkọ̀ sì kọrí sínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Mo fi eyín gé ahọ́n.

Ata Wẹ́wẹ́ pariwo pé, “Ó ń jà! Nǹkan yìí ń bá mi jà!”

Ọ̀gá ní igi náà nípọn jù níwájú. Ó ní kí n ha á kí ó tín-ín-rín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo ha wọ́n, mo tún gbogbo rẹ̀ bò. Ìdánwò kejì. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹtì, ogúnjọ́

Màámi pè lórí fóònù. Wọ́n ní ta ló fi iṣẹ́ omi ran àwa méjèèjì, àwa tí a kò bí sẹ́bàá odò. Wọ́n ní ọ̀kan ti fi ẹsẹ̀ sí i, kí èkejì máa bọ̀ nílé kí ó tó fi orí sí i. Mo ní mo ti búra fún Ọ̀gá. Wọ́n ní, “Èmi tí mo bí ẹ, kí lo búra fún mi?” Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń mi orí sí mi pé òun ti sùn. Ọkùnrin tó la ojú sílẹ̀ kedere! Mo pa irọ́ náà fún wọn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìdánwò kẹta ti já sí pàbó. Ọ̀gá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Láti ìgbà tí ìtọ́kọ̀ ti ṣẹ́, kò sí ẹni tó gbé iṣẹ́ ọkọ̀ tuntun wá fún un. Bí ọkọ̀ yìí kò bá sáré dáadáa lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kejìlá, a ó ti ìlẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà pa, kì í ṣe nítorí òjò.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Mo sọ fún ìgbìmọ̀ nígbà náà, wọn ò gbọ́. Táyé àti Kẹ́yìn ń bá ara wọn jà ni. Ọ̀kan fẹ́ lọ sí ìhín, èkejì fẹ́ lọ sí ọ̀hún. Ìdí tí mo fi ń di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú gírígírí nìyẹn.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá kan ló so ìtọ́kọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀. Èmi tìkára mi ni mo gé e. Bí ọ̀kan bá yí, èkejì gbọ́dọ̀ yí. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ bá ara wọn jà?”

“Mi ò mọ̀. Ìwọ ni káfíńtà.”

Ó kọjú sí ògiri. Yàrá yìí kò ní ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ, bí ènìyàn bá kọjú sí ògiri nínú rẹ̀, ibi gbogbo ló kọ ẹ̀yìn sí yẹn. Mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo rò ó pé bí mo bá ń lọ báyìí, ta ni yóò mú mi? Mo padà wọlé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò. N kò ní nǹkan kan láti kọ àfi òjò.

Ajé, ọgbọ̀njọ́

Mo fẹ́ kọ eléyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọkọ̀ wà lómi lẹ́bàá èbúté, òpó wà lóòró, okùn wáyà tó dì í mú le bí egungun. Koríko omi dì mọ́ ìtọ́kọ̀, mo bọ́ sínú omi láti yọ ọ́. Omi dé àyà mi. Igi ìwọ̀n tí a fi ń wọn àárín ìtọ́kọ̀ méjèèjì nínú ilé wà lórí àwọ̀n. N kò mọ ohun tó mú mi fà á. Mo fi í sáàárín etí iwájú ìtọ́kọ̀ méjèèjì, kò kan èkejì, àlàfo tó tó àtàǹpàkò ló ṣẹ́kù. Mo fi sáàárín etí ẹ̀yìn, kò wọlé, ó fi bíi àtàǹpàkò kan gùn jù.

Mo ní ojú mi ni. Mo tún un ṣe. Ibì kan náà ni.

Mo ké sí Ata Wẹ́wẹ́ pé kó dẹ okùn wáyà òpó. Ó ní kí ló dé, mo ní kó dẹ̀ ẹ́ ṣá. Ó dẹ̀ ẹ́. Igi ìwọ̀n wọ iwájú rẹ́gí, ó wọ ẹ̀yìn rẹ́gí. Mo ní kó tún fà á le. Níṣojú mi báyìí, nínú omi, àwọn ikùn ọkọ̀ náà lọ́ra wọn, ìtọ́kọ̀ méjèèjì sì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ ara wọn bí tọkọtaya tó jà.

Inú ilé ni a ti máa ń wọ̀n wọ́n, lórí àga igi, tí òpó wà nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á dọ́gba. Lómi ni òpó ń dìde, tí wáyà ń fa ikùn méjèèjì. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le tó ni a ṣe ń fa wáyà tó, bí a bá sì ṣe fà á tó ni wọ́n ṣe ń jà tó.

Ata Wẹ́wẹ́ nàgà wò mí láti òkè. “Olórí Kunkun, kí lo rí?”

Mo ní koríko omi ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù keje

Èmi ni mo gé ọ̀pá àtijọ́ náà, lọ́dún méjì sẹ́yìn, nínú ilé, pẹ̀lú òpó nílẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá jẹ́ kí n dá ṣe ni. Mo fi ìṣó kọ àmì mi sí i lábẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bi mí pé kí ló dé tí n kò jẹun. Mo ní inú ń run mí. Ó ní kí n wá jókòó tì òun, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. N kò lè wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Mo ti ṣe ọ̀pá tuntun. Orí rẹ̀ kan ní bóòtù gígùn tí a lè yí kí ọ̀pá náà gùn tàbí kí ó kúrú, lójú omi, lẹ́yìn tí a bá ti fa wáyà tán. A lọ sójú omi ní ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ le. Eré tí ọkọ̀ náà sá, Ọ̀gá kò lè bá wa mọ́ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Omi pín lẹ́yìn wa bí ìlà méjì tí wọ́n fi rúlà fà. Ata Wẹ́wẹ́ fi ìka méjì di ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó ń kọrin, orin náà kò dùn rárá.

Nígbà tí a padà, mo tọ Ọ̀gá lọ sídìí tábìlì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní ọ̀pá tí mo gé ló ṣẹ́ ìtọ́kọ̀, kì í ṣe ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n. Mo ní a gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ kí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà.

Ọ̀gá nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. Ó ní, “A ó kọ ọ́. Lẹ́yìn ìdíje.”

“Ọ̀gá, òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje ni wọ́n ń ti ìwé orúkọ àwọn atukọ̀ pa. Tó bá kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀.”

“Bí wọ́n bá rí ìwé yẹn ṣáájú ìdíje, wọ́n á dá ọkọ̀ dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò. O mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Mo mọ̀, sà.”

“O mọ̀ pé ilé yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó?”

“Mo mọ̀, sà.”

“Kí lo wá ń wí?”

Ọ̀rọ̀ mi dà bíi ti pákó tí fáìsì dì mú: Ọ̀gá lápá kan, Ẹ̀gbọ́n lápá kejì, àwọn méjèèjì ló sì ń yí ọwọ́ rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Mo dúró sọ ọ́, torí ó dà bíi pé bí mo bá jókòó n kò ní lè parí rẹ̀.

Ó ní, “Gbogbo oṣù mẹ́jọ yìí, mo ń wo ọwọ́ mi.” Ó tẹ́ méjèèjì síwájú. “Mo rò pé òun ló ṣe é. Wọ́n sọ ọ́ títí mo fi gbà.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lù mí.”

“Ẹsẹ̀ wo ni màá fi dìde wá lù ẹ́?”

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í nípa ìwé tí mo fẹ́ kọ. Ó ní, “Mi ò ní ní kó o kọ ọ́. Mi ò sì ní ní kó o má kọ ọ́. Ilé Ọ̀gá lo ti jẹun.” Látìgbà náà, kò tíì bá mi sọ ju “gbé omi” lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mo kọ ọ́. Ìgbà mẹ́rin ni mo ya bébà. Ohun tó kù nìyí: Èmi ni mo gé ọ̀pá tó so ìtọ́kọ̀ méjèèjì pọ̀. Inú ilé ni mo ti wọ̀n ọ́n, kò sì dọ́gba lójú omi. Òun ló ṣẹ́ ìtọ́kọ̀. Atukọ̀ kò ṣe àṣìṣe kankan.

Òfin ni pé ẹni tó ni ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ kò ní kà á. Mo gbé e síwájú Ọ̀gá, mo dúró. Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́, ó tún un kà.

Ó ní, “Tí mi ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?”

“Màá gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Màá dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn, màá máa kà á sókè.”

“Ìyẹn náà lo máa ṣe.” Ó fa bírò. Ó kọ ìlà kan sábẹ́ tèmi kí ó tó fọwọ́ sí i: Èmi ọ̀gá rẹ̀ ni mo wọn ọ̀pá náà gbẹ̀yìn, tí mo ní ó dára. Ó ti bébà náà sí mi. “Lọ́jọ́ ìdíje, ìbúra rẹ tán. Lẹ́yìn ẹ̀, wá ibòmíì lọ.”

Mo ní ẹ ṣeun, sà. Mo jáde, n kò sì mọ ibi tí mo ń lọ títí mo fi débi tí títì parí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Aago méje àárọ̀ ni mo fi ìwé náà lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Ní aago mẹ́jọ wọ́n kọ orúkọ Ẹ̀gbọ́n padà sínú ìwé. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n fi téèpù pupa di ọkọ̀ wa mọ́ èbúté pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e títí ayẹ̀kọ̀wò, ẹni tó ń bá ìgbìmọ̀ yẹ ọkọ̀ wò, yóò fi dé. Ayẹ̀kọ̀wò náà wà lórí ọkọ̀ àwọn adájọ́, ó di ọ̀sán kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀.

A dúró sí èbúté, a ń wo àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìgbòkun mẹ́rìndínlógún. Ata Wẹ́wẹ́ jókòó sórí òkúta, ó ń sunkún, ó sì ń bú mi pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá dúró lápá ọ̀tọ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ti wá, lórí ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dé ibi omi láti ìgbà náà.

Ọ̀sán ni ayẹ̀kọ̀wò dé. Ó wọ̀n ọ́n lórí omi pẹ̀lú wáyà líle, ó yí bóòtù mi lọ, ó yí i bọ̀. Ó ní, “Ta ló ronú kan eléyìí?” Ọ̀gá ní èmi ni. Ohùn rẹ̀ kò le. Ayẹ̀kọ̀wò ya téèpù pupa náà, ó fọwọ́ sí ìwé, ó lọ. Kò sí ọkọ̀ ìdíje kankan mọ́ níbi tí ojú lè rí.

Ata Wẹ́wẹ́ nu ojú. Ó wo Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ bọ́ sínú ẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀.”

“Ọwọ́ lẹ fi ń tukọ̀.”

Èmi àti Ata Wẹ́wẹ́ gbé e lé orí àwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n wúwo, ó gún mi lápá pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ líle náà, ó gbá ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú gírígírí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wá fúnra rẹ̀, ó tú okùn kúrò lára òpó èbúté, ó sọ ọ́ sí mi lọ́wọ́.

A kọjá ẹnu èbúté. Afẹ́fẹ́ gbé wa, eré dé. Mo ń wo ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó dì í mú, ó ń dúró de kí ìtọ́kọ̀ bá òun jà. Kò jà. Ìka kan tú, òmíràn tú, títí ó fi ku méjì.

Láìwojú mi ló fi sọ̀rọ̀. “O jẹ́ ká pàdánù ìdíje.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“O ba iṣẹ́ ẹ jẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Tó bá tún di òní ńkọ́?”

Mo ní, “Màá tún kọ ọ́.”

Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Ó ní kí n sún sí apá Táyé, kí n sì fa okùn ìgbòkun, afẹ́fẹ́ ńlá ń bọ̀.